Ọwọ́ Bàbá, Ọwọ́ Ìyá, Ló Kan Ilé Onítáyà

Ní ọdún 1929, Arthur Sherman, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní ìlú Detroit, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lo ìsinmi nínú igbó. Ó ti ra àgọ́ kan tí mọ́tò ń fà. Àwọn tó tà á fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi nà án ró, àti pé omi kò ní í wọnú rẹ̀. Òjò ńlá dé bá wọn níbi tó ti ń bá aṣọ àgọ́ náà wọ̀yá ìjà. Kó tó nàró, tọmọdé tàgbà wọn ti rin gbingbin.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí Sherman padà délé, ó ya àwòrán irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ó sì ní kí káfíńtà bá òun kàn án. Àpótí ńlá kan ló jáde, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, kọ́bọ́ọ̀dù wà, àpótí yìnyín fún oúnjẹ náà wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Covered Wagon, orúkọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin alábòrí tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e dé làwọn èèyàn ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1930, Sherman gbé e lọ síbi àfihàn mọ́tò ní Detroit, ó sì dá iye lé e, 400 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 1936, kò sí iléeṣẹ́ tó tóbi tó tirẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé iléeṣẹ́ ńláńlá ló dá ilé onítáyà sílẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ìdílé ń sùn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń wẹ̀ níbẹ̀ lójú àjò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọn kò rí rà ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, ẹ̀yìn wọn ni iléeṣẹ́ tó wá.

Agolo lórí rédíétọ̀

Lóòótọ́, àwọn olówó ti ní tiwọn. Ní 1910, iléeṣẹ́ mọ́tò Pierce-Arrow gbé mọ́tò kan wá sí Madison Square Garden ní New York. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń di bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibi ìfọwọ́, ó ní pó, ó sì ní tẹlifóònù tí ọ̀gá fi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Ẹni mélòó ló lè rà á?

Ford Model T ló là á fún mẹ̀kúnnù. Nígbà tó jáde ní 1908, bí 850 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ní 1925, èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 260. Bí àgbẹ̀ ṣe ń rà á ni tíṣà ń rà á. Wọ́n ń gé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń kan pákó mọ́ ọn, wọ́n ń na tapólì lé e, wọ́n sì ń kó ọmọ sínú rẹ̀ lọ sí Florida láti sá fún òtútù. Ní 1919, àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní De Soto Park ní ìlú Tampa. Tin Can Tourists lorúkọ rẹ̀, nítorí oúnjẹ inú agolo tí wọ́n ń jẹ lọ́nà. Agolo tí wọ́n jó mọ́ ìdérí rédíétọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ fi ń dá ara wọn mọ̀.

Ní Los Angeles, ìyàwó Wally Byam, Marion, kò fẹ́ràn àgọ́ orí ilẹ̀ rárá. Ọkọ rẹ̀ gbé àgọ́ náà gorí férémù Model T. Nígbà tó yá, ó fi ibi ìdáná àti àpótí yìnyín kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé àlàyé bí ẹlòmíràn ṣe lè kan tirẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn ṣe é. Bí iléeṣẹ́ Airstream ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1931 nìyẹn. Ní 1959, Byam kó ilé onítáyà 41 láti Cape Town, wọ́n sì gba orí ilẹ̀ Áfíríkà lọ títí dé Cairo.

Ní ti àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, fàájì nìkan kọ́ ló sọ ọkọ̀ wọn di ilé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n, ilé oúnjẹ ń lé wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń di oúnjẹ, omi àti aṣọ ìbora sínú mọ́tò kí wọ́n tó gbéra. Ní 1936, Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà fún iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé Green Book jáde, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè sùn. Ní ọgbà Shenandoah ní Virginia, Lewis Mountain ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn láti pàgọ́ ní 1939. Ó yẹ ká máa rántí àwọn náà nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ wá rọ́ wọlé. Ní Jámánì, Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen ní 1951. Ìdílé bọ́ọ̀sì yẹn náà la mọ̀ sí danfo ní Èkó. Ní 1966, Winnebago ní Forest City, ìpínlẹ̀ Iowa, bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé onítáyà tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní 2021, lẹ́yìn tí kòrónà ti lé àwọn èèyàn kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì àti bàálù, ilé onítáyà tí àwọn iléeṣẹ́ Àríwá Amẹ́ríkà kó jáde lé ní 600,000.

Ẹni tó rà á ṣì ń tún un ṣe

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kò tán níbẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni tọkọtaya máa ń tú ilé onítáyà àlòkù wọn palẹ̀, tí ọmọ á máa mú tọ́ọ̀ṣì dání fún wọn. Orí iná ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì yé àwa tí a ń lo ínfátà àti sólà nílé nìyẹn. Bátìrì olómi kò fẹ́ kéèyàn lò kọjá ìdajì agbára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í pẹ́ bàjẹ́. Ti lítíọ́mù ṣeé lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì wúwo tó ìdajì ti olómi. Ẹni tó bá gbé páànù sólà sórí òrùlé, tó sì pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ sí LED, lè sùn sínú igbó fún ọjọ́ mélòó kan láìwá ibi tí yóò ti ki wáyà bọ iná.

Ohun tó lè pa èèyàn ni gáàsì. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan páìpù rẹ̀, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí oríkèé páìpù náà ká. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ tì í pa, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹrù náà ní òdiwọ̀n. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, nítorí náà tánkì 150 lítà tó kún ti gbé kìlógíráàmù 150 lé táyà, ká tó ka bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti èèyàn. Iye tí ọkọ̀ lè gbé wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Táyà tó bẹ́ lórí ìrìn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Houston, Maryland àti London ló ti ń ronú àtira irú ọkọ̀ yìí, kí wọ́n lè kó ọmọ wọn kúrò nídìí fóònù. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ẹ kọ́kọ́ yá a lò, kí ẹ mọ ohun tí ìdílé yín nílò. Bí ó bá wá di rírà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ gun òrùlé rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí gọ́ọ̀mù ti sán. Ẹ wọlé, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri lábẹ́ fèrèsé. Bí ó bá rì wọnú, omi ti jẹ pákó inú rẹ̀. Yálà kí ẹ dín owó rẹ̀ kù gidi, kí ẹ sì múra iṣẹ́, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.