Ohun Tí Agbowó-Gbèsè Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣe ní Massè

Gbèsè jẹ́ àdéhùn láàárín ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó yá a, òfin sì gbà pé ẹni tó jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ni ó pààlà sí ọ̀nà tí a lè gbà fi gba owó náà padà, kò sì gbé agbára ìjọba lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kìkì nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Ní Massè, ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di kọ́múùnù Adja-Ouèrè ní ẹkùn Plateau ní Benin, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń fọ́ epo a máa yáwó nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, wọn a sì máa fojú sọ́nà fún àgbàdo, gàrí tàbí epo pupa kí wọ́n tó lè san án. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ààlà náà wà níbẹ̀ yóò gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pẹ̀lú ìwé àti ohùn líle ní àṣẹ láti gbé ẹrù òun lọ.

Oríṣi ènìyàn méjì ni ó máa ń wá, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó kéékèèké, tàbí ẹni tí olówó rán níṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó ránni létí, kí ó béèrè owó, kí ó gba èyí tí a bá san fún un, kí ó sì fúnni ní rìsíìtì. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé alùpùpù, kẹ́ẹ̀gì epo tàbí àpò àgbàdo, bí ó ti wù kí gbèsè náà pẹ́ tó. Èkejì ni huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń mú ìwé ilé-ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn tó sì ń mú ìdájọ́ ṣẹ. Òun náà kò lè fọwọ́ kan ẹrù onígbèsè láìjẹ́ pé ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, bí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tàbí ìwé tí nótárì ṣe tí a sì fi òǹtẹ̀ àmúṣẹ lù.

Òfin tó ń darí èyí kì í ṣe ti Benin nìkan. OHADA, àjọ tí orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà wà nínú rẹ̀ kí òfin ìṣòwò wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà, ni ó ṣe òfin gbígba gbèsè ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1998, tí ó sì tún un ṣe ní 2023. Òfin 1998 sọ pé a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́sẹ̀lé ẹrù kí aago 8 àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ṣe é ní ọjọ́ Àìkú tàbí ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, àfi bí adájọ́ bá fún wọn láyè lọ́nà àkànṣe. Kí a tó gbẹ́sẹ̀ lé ohun èlò ilé tàbí ti òwò láti tà á, ìkìlọ̀ alákọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣáájú, kí onígbèsè sì ti rí ọjọ́ 8 gbà láti fi san owó náà. Ní ọjọ́ ìgbẹ́sẹ̀lé pàápàá, kíkọ ni huissier ń kọ ẹrù náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onígbèsè lè máa tọ́jú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ó sì ní oṣù kan láti wá oníbàárà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí gbàǹjo. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọ alùpùpù onígbèsè jáde lójú ẹsẹ̀ ní aago 9 alẹ́ kò ṣe iṣẹ́ òfin rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ìwé tí àwọn ará Benin mọ̀ sí injonction de payer, ìyẹn àṣẹ ìsanwó. Ẹni tí a jẹ lówó yóò kọ̀wé sí ààrẹ ilé-ẹjọ́, yóò fi ẹ̀rí gbèsè kún un, adájọ́ yóò sì yẹ ìwé náà wò láìpe onígbèsè. Bí ó bá rí i pé gbèsè náà dájú, pé iye rẹ̀ yéni, pé àkókò ìsanwó sì ti tó, yóò fọwọ́ sí àṣẹ náà. Láti ọjọ́ tí huissier bá ti fi í lé onígbèsè lọ́wọ́ ni ọjọ́ ti ń lọ. Ọjọ́ 15 ni òfin 1998 fún onígbèsè láti ta ko àṣẹ náà. Nítorí pé a ti tún òfin náà ṣe, iye ọjọ́ tí a kọ sínú ìwé náà gan-an ni kí ẹni tó bá gbà á lónìí tẹ̀ lé. Bí a kò bá kọ iye owó, iye ọjọ́ àti ilé-ẹjọ́ tí a ó ti ṣe àtakò sínú rẹ̀, ìwé náà lè di asán. Bí onígbèsè bá ta kò ó, ẹjọ́ yóò dé iwájú ilé-ẹjọ́, bí irú èyí tó wà ní Pobè, àwọn adájọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú láti là wọ́n níjà. Bí ó bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé, àṣẹ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ yóò di èyí tí a lè fi ipá mú ṣẹ.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé àìṣòdodo wà nínú èyí. Èdè Faransé ni a fi kọ ìwé náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbà á ní abúlé kò sì kà á rí. Wọn a fi í sábẹ́ ẹní, wọn a máa retí ọjọ́ tí ọmọ tó lọ ilé-ìwé yóò wálé wá kà á, ọjọ́ òfin kò sì dúró dè wọ́n. Onígbèsè tó bá tètè wá ẹni tí yóò ka ìwé náà fún un lè rí ju àtakò lọ gbà, nítorí pé òfin kan náà fún adájọ́ láyè láti wo bí nǹkan ṣe rí fún un, kí ó sì pín owó náà sí wẹ́wẹ́ tàbí sún un síwájú fún ìwọ̀n ọdún kan. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àgbẹ̀ tí òjò já kulẹ̀.

Ìtìjú ni ohun ìjà tí àwọn agbowó ń lò jù. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò jókòó sínú ilé rẹ̀ tí yóò sì máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Lóde òní, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ onígbèsè. Àwọn obìnrin yóò yáwó pọ̀, olúkúlùkù yóò sì ṣe onídùúró fún èkejì, débi pé bí ẹnì kan kò bá rí owó san, àwọn yòókù ni yóò kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dára kí wọ́n mọ̀ pé òfin OHADA ti ọdún 2010 lórí ìdúró sọ pé onídùúró tí kò mọ̀wé kọ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì tí yóò jẹ́rìí sí i nínú ìwé náà pé òun ni, pé ó wà níbẹ̀, àti pé wọ́n ti là á yé e ohun tó ń ti ọwọ́ bọ̀. Ìtẹ̀ka lásán lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ka sókè kò tó.

Iye tí wọ́n ń béèrè náà ní ìwọ̀n. Láti ọdún 2014, báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó sẹ́fà, ìyẹn BCEAO, ti fi òpin sí èlé: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún báńkì, ìdá 24 fún àwọn ilé-iṣẹ́ owó kéékèèké, tí owó fọ́ọ̀mù àti àwọn ìnáwó àfipáṣe yòókù sì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò ibẹ̀ gba sùúrù. Ẹni tó bá yá 100,000 sẹ́fà, tó sì ń san iye kan náà lóṣooṣù fún oṣù 12, ń dín ojú owó kù lóṣooṣù. Nítorí náà, ìdá 24 lórí iye tó ṣẹ́ kù kò tó 14,000 sẹ́fà lápapọ̀. Bí wọ́n bá gba 24,000 lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọjá òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 24 ni wọ́n ń pè é lẹ́nu.

Ìhàlẹ̀ ọlọ́pàá ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù. Àìrówó san gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn tí a ń tìtorí rẹ̀ sẹ́wọ̀n: ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú, tí Benin wọ̀ ní 1992, kà á léèwọ̀ ní abala 11. Òfin àgbà Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 kò sì jẹ́ kí a ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kọjá wákàtí 48 láìjẹ́ pé a mú un dé iwájú adájọ́. Ilé-ẹjọ́ òfin àgbà ní Kútọnu ti sọ ọ́ léraléra pé títi ènìyàn mọ́lé nítorí gbèsè lásán lòdì sí òfin, pé gbígba gbèsè kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Aráàlú èyíkéyìí lè kọ lẹ́tà sí ilé-ẹjọ́ náà láìgba lọ́yà. Ní òdìkejì ẹnubodè, Òfin Ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ọdún 2020 sọ ohun kan náà. Jìbìtì nìkan ni ó yàtọ̀: ẹni tó fi irọ́ gba owó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ gbèsè, ó ti bọ́ sínú ọ̀ràn.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn agbowó ń gbà dójú ti onígbèsè ni fóònù. Ní Nàìjíríà, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Sokoloan ní 2021 nítorí pé ó ń ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ onígbèsè láìgbàṣẹ. Ní Benin, òfin tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ń dáàbò bo orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà ẹni, APDP sì ni àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa rẹ̀.

Nípa ẹ̀rí, ẹni tó bá sọ pé òun ti san ni òfin ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà owó tí a kà sí agbowó lọ́wọ́ lábẹ́ igi láìsí rìsíìtì lè di èyí tí a ó san lẹ́ẹ̀mejì. Gbèsè tí a jẹ oníṣòwò nídìí òwò rẹ̀ a máa kọjá àkókò ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún 5 lábẹ́ òfin OHADA. Ṣùgbọ́n bí agbowó bá mú ìwé tuntun wá pé kí onígbèsè ṣáà tẹ̀ka sí i láti fi hàn pé òun kò gbàgbé, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ọdún 5 náà tó pé, kíka ọdún tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.