Bí orúnkún bá dún “pọ́” lórí pápá, ẹ má wọ́ ọ o

Kò sẹ́ni tó gbá a. Ó kàn fẹ́ ṣẹ́rí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ni, orúnkún dún “pọ́”, ó ṣubú. Kó tó dalẹ́, orúnkún ọ̀hún ti wú. Iṣan tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun ló sábà máa ń já bẹ́ẹ̀.

Victor Boniface, ọmọ Àkúrẹ́, mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tirẹ̀ já nígbà tó wà ní Bodø/Glimt, ní Norway. Síbẹ̀, ní 2024, ó bá Bayer Leverkusen gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Jámánì.

Ẹ má fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, wíwú ni yóò máa pọ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ sì lọ rí dókítà eegun. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, kó ní sùúrù fún oṣù 9, ó kéré tán. Ìkánjú ló ń mú kó tún já.

Àwọn obìnrin ló yẹ kó ṣọ́ra jù, tiwọn máa ń já ju ti ọkùnrin lọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré díẹ̀, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ fò, kí ẹ sì tẹ orúnkún bí ẹ bá ń balẹ̀.