Ọmọ tí kò tètè gbé orí dúró: Ẹ̀yin òbí ilẹ̀ Yewa, ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ laṣọ, ọmọ niyì. Ìdí nìyẹn tí ariwo ayọ̀ fi máa ń sọ nílé tí wọ́n ti ń kómọ, ìbáà jẹ́ ní Ìlaró, ní Ayétòrò tàbí ní ìletò tó wà lẹ́bàá ẹnubodè. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà tí ayọ̀ yìí kì í tọ́jọ́. Ọmọ á pé oṣù mẹ́rin, ọrùn rẹ̀ kò ní í le. Á pé oṣù mẹ́sàn-án, kò ní í lè dá jókòó. Á pé ọdún kan ààbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbé e. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn aráálé máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ta ni ìyá ọmọ yìí ṣẹ̀? Ṣé kì í ṣe emèrè ló bí?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti emèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Lára ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ló farapa, yálà nínú oyún, lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ tàbí láìpẹ́ sígbà tí wọ́n dé ayé. Bó bá jẹ́ pé ibi tó ń darí iṣan ara ló kàn, cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ràn, kò sì sí oògùn òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀ tó lè mú un kúrò pátápátá. Àmọ́ púpọ̀ rẹ̀ ló ṣe é dènà, ọmọ tó sì ti wà nínú rẹ̀ lè ṣe dáadáa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tó ń fà á lórílẹ̀-èdè wa: kí ọmọ má tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà pọ́njú ọmọ tuntun, àti àrùn tó wọ ọpọlọ, bíi meningitis. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tó pẹ́ ló ní in. Àìgbọ́ràn nìkan lè mú kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà yẹ ọmọ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.

OJÚ TÓ PỌ́N BÍ ÌYEYÈ

Èyí tó yẹ kó dùn wá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ibà pọ́njú, torí pé ojú lásán la fi ń rí i. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín wa ni tirẹ̀ kò tó. Láti ọdún 1963 ni àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àìtó rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ibà pọ́njú ọmọ tuntun nílẹ̀ yìí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóòórùn káńfọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, káńfọ̀ ni àwọn ìyá wa ń kó sáàárín aṣọ ọmọ kí aáyán má baà dé ibẹ̀. Òórùn yìí lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ sì pọ́n. Bó bá le débi tó wọ ọpọlọ, ó lè ba ìrìn, ọ̀rọ̀ àti etí ọmọ jẹ́ títí ayé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ọmọ sóòrùn àárọ̀, wọ́n á sì máa fún un lómi gúlúkóòsì. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lágbára. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tọ́jú ọmọ ní Island Maternity, l'Ékòó. Àbájáde iṣẹ́ náà, tó kan ọmọ 447, jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, èyí tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu, ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń ṣọ́ wọn. Ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú ilé. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, tí kò mu ọmú mọ́, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀NÀ JÌN, OWÓ Ń LỌ

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìlaró àti Ayétòrò, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti àwọn dókítà àgbà àti àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta, tàbí OOUTH ní Ṣàgámù, ni wọ́n sábà máa ń darí ọmọ sí. Ìyá tó ń bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ á gba Ayétòrò kọjá. Ti Ìlaró á gba Pápáláńtò. Ìrìn náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lemọ́lemọ́ ni, ọmọ lẹ́yìn, ìsọ̀ ní títì, kí owó ọjà sì máa di owó ọkọ̀. Kò yani lẹ́nu bí ìyá bá jáwọ́. Ibi tó yẹ kí bàbá ti jáde síta nìyí, torí ọmọ kì í di ti ìyá nìkan nítorí pé kò rìn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní ohun tí ẹ óò máa ṣe nílé, torí ojoojúmọ́ niṣẹ́ náà. Ẹ má rọ irú ọmọ yìí lóúnjẹ tàbí lágbo. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára. Ohun tí a rọ ní ìdùbúlẹ̀ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e jókòó, kí orí rẹ̀ dúró, kí ẹ sì fi ṣíbí kékeré fún un ní ògì tó ki díẹ̀díẹ̀. Bí gìrì bá mú un, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe máa ń já ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀. Oògùn gìrì tí dókítà bá kọ, ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé gìrì kò ṣe é mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹ má sì fi ọmọ pamọ́. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú ni Air Vice Marshal Fẹ́mi Gbádébọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nítorí ọmọ tirẹ̀ tó ní cerebral palsy ni òun àti aya rẹ̀ ṣe dá àjọ Benola sílẹ̀ l'Ékòó ní 2013, láti máa la àwọn òbí lọ́yẹ̀. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2019 náà kò fàyè gba kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn baba ńlá wa pàápàá, ẹni òòṣà ni wọ́n ń pe irú wọn, èèwọ̀ sì ni kí wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bàbá àti ìyá àgbà, ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ lónìí. Bí ọmọ yín bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì jókòó, ẹ má dúró de ọdún kejì. Ọmọ tí ọwọ́ ìtọ́jú tètè bà, nǹkan tó máa lè fúnra rẹ̀ ṣe lọ́la á pọ̀ sí i.