Iṣan Ìmọ̀lára àti Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Nírọ̀lẹ́, létí títì ní Òṣòdì, ìka lásán ni ìyá alágbàdo fi ń yí àgbàdo lórí èédú. Bí iná bá jó o, ọwọ́ á ti kúrò níbẹ̀ kó tó mọ̀. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló pàṣẹ. Ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni. Oró àkọ́kọ́ á ta lójijì, torí iṣan tó gbé e ń sáré tó mítà 5 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oró kejì á máa jó ni lábẹ́lẹ̀. Iṣan tín-ín-rín tí kì í sáré ju mítà 2 lọ ló ń gbé e bọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni ìpìlẹ̀ ara, títí kan àwọn iṣan wọ̀nyí. Àwọn tó jọra máa ń kóra jọ di ẹran ara: èyí tó bo ara, èyí tó so ó pọ̀, èyí tó ń mú un rìn, àti èyí tó ń gbé ìròyìn. Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹyọ kan lè gùn tó mítà kan, láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀rá bo ọ̀pọ̀ nínú wọn bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Òun ló ń mú wọn yára.

Gígùn sẹ́ẹ̀lì yìí náà ló ń kó bá a: ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn rí i lára àwọn ará Ìjẹ̀bú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó wọn, ó ń kú, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àwọn mìíràn sì ń bàjẹ́. Lọ́dún 1968 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ó sì tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Àwọn tó tún ṣèwádìí ní Ọ̀sọ́sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn náà sọ pé ọ̀rọ̀ náà lè ju ẹ̀gẹ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ má ra gààrí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé májèlé náà jáde.

Lóde òní, àtọ̀gbẹ ló ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú ní Ìsọlọ̀, kó lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà níbẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kó sì bọ́ bàtà fún dókítà, torí ẹni tí iṣan rẹ̀ ti kú lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, kí egbò rẹ̀ sì ti kẹ̀ kó tó mọ̀.