Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá lọ ra èlùbọ́ lọ́jà, ṣé ẹ kì í fọwọ́ bù ú wò kí ẹ tó sanwó? Kí ni ó wá dé tí ó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá bá wa tún ọkọ̀ ṣe tán, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni a ń gbà, tí a óò sì máa dúpẹ́ lọ? Ohun tí ojú mi rí ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ilé iṣẹ́ ńlá tí a ti ra ọkọ̀ wa ni mo gbé e lọ, kí wọ́n lè pààrọ̀ rọ́bà tí omi ń gbà láti inú rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, owó wọn kò sì kéré. Mo rò pé níbi tí a bá ti náwó púpọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kò lè ní àbùkù.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Èkó fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé Ògèrè, mo rí i tí abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ń gòkè. Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Àná ni wọ́n ṣe é, kò lè jẹ́ nǹkan kan." Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bo iwájú ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Agbára káká ni mo fi darí rẹ̀ sí etí títì, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa.

Mo kó àwọn ọmọ jìnnà sí títì, mo pọn àbíkẹ́yìn, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo sì nawọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Baba awakọ̀ kan kígbe pé, "Ìyá, ẹ má ṣí i! Ṣé ẹ fẹ́ kí ó bó ẹ̀yin àti ọmọ ni?" Ìtìjú bá mi. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé a kì í ṣí ìkòkò tí a dé pinpin nígbà tí ooru ṣì há sínú rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rédíétọ̀ rí: bí a bá ṣí i ní gbígbóná, omi inú rẹ̀ yóò hó tú jáde lójijì.

Nígbà tí ó tutù, baba fi hàn mí pé wọn kò di irin tí ó yẹ kí ó fún rọ́bà náà mọ́ ẹnu rẹ̀. Rọ́bà ti yọ, omi sì ti dà nù. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ilé iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín wá bá wa sọ̀rọ̀." Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ní èmi ni mo gbé ọkọ̀ wá, èmi ni mo sì sanwó. Mo kó rìsíìtì àti fọ́tò kalẹ̀. Mo rán wọn létí pé òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àtúnṣe, tàbí díẹ̀ nínú owó rẹ̀, bí iṣẹ́ kò bá dára. Wọ́n ní n kò tètè dúró. N kò jiyàn. Wọn kò gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ra àwọn ohun èlò.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé tí a kọ gbogbo iṣẹ́ sí. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n pààrọ̀ hàn yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò bóyá omi tàbí ọ́ìlì ń jò. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá gòkè, ẹ dúró níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nísinsìnyí, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀, ọmọbìnrin mi àgbà náà a bẹ̀rẹ̀. N kì í dá a lẹ́kun.