Ọmọ tí kò fẹ́ kọ́ ìwé kíkà ni ó di òǹkọ̀wé

Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Christopher Paolini mu. Ará Amẹ́ríkà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ìtàn àròsọ: ìtàn ọba búburú, ìtàn idán, ìtàn ẹranko tí ń fò tí ó sì ń yọ iná lẹ́nu. Kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé ńlá ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n fi owó ara wọn tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gbé e kiri tà. Díẹ̀ ni ó kù kí ilé tí wọ́n ń gbé bá iṣẹ́ náà lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Oṣù kọkànlá ọdún 1983 ni wọ́n bí Paolini. Ìpínlẹ̀ Montana ni ó ti dàgbà, ní àfonífojì kan tí àwọn òkè gíga yí ká. Kò lọ sí iléèwé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé ni àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ òun àti Angela, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Nígbà tí ó kéré, ó kọ̀ láti kọ́ ìwé kíkà. Kò rí ohun tí òun yóò fi ìwé ṣe. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sú òun. Ó fi sùúrù kọ́ ọ títí ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ìfẹ́ ìwé kò tíì wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ní ilé ìkàwé, ó rí àwọn ìwé ìtàn kan tí àwọ̀ ara wọn fà á mọ́ra. Ó mú ọ̀kan lọ sílé, ó kà á, ìtàn náà sì wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà ni ìwé kò ti wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́ta lórí ìwé kan

Nígbà tí Paolini pé ọmọ ọdún 15, ó ti parí ẹ̀kọ́ girama nínú ilé. Àyè wá ṣí sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́ kọ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbádùn láti kà. Ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú ìwé díẹ̀, ìtàn náà dúró. Kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ó wá padà sídìí ìwé. Ó ka àwọn ìwé tí ń kọ́ni bí a ṣe ń to ìtàn. Lẹ́yìn èyí, ó jókòó fún nǹkan bí oṣù kan, ó ṣètò ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọwọ́ ni ó fi kọ nǹkan bí 60 ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí pé kò tíì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Eragon ni orúkọ ìwé náà. Orúkọ yìí kan náà ni ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ń jẹ́. Ọmọ ọdún 15 ni. Ọ̀dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀, tí í ṣe àgbẹ̀, ni ó ń gbé. Ní ọjọ́ kan tí ó lọ ṣọdẹ lórí òkè, ó rí òkúta kan tí ó mọ́ roro, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run. Ó gbé e lọ sílé, ó ní òun yóò fi ra ẹran. Òkúta kọ́, ẹyin ni! Ẹyin náà pa, dírágónì sì jáde nínú rẹ̀: ẹranko tí ara rẹ̀ dà bí ti ejò, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìyẹ́ apá. Láti ọjọ́ yìí ni ayé ọmọ náà ti yí padà.

Ó gba Paolini ní ọdún kan láti kọ ìtàn náà parí. Nígbà tí ó kà á, ó rí i pé kò tíì dára tó. Kò jù ú nù. Ó fi ọdún kejì tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni ó fi han àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wọn. Ọdún kẹta ni gbogbo ilé fi tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì múra rẹ̀ sílẹ̀ fún títẹ̀. Ọwọ́ Paolini fúnra rẹ̀ ni ó ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà.

Ìwé kì í ta ara rẹ̀

Ìwé náà jáde ní ọdún 2002. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ tí ó le jù bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò ra ìwé ọmọdé tí ẹnì kan kò mọ̀? Paolini wọ aṣọ bí ti àwọn ará àtijọ́: ẹ̀wù pupa, ṣòkòtò dúdú tí ó fẹ̀, àti fìlà. Ó ń lọ láti ilé ìkàwé dé ilé ìtàwé, láti iléèwé dé iléèwé. Ó lé ní ìgbà 135 tí ó dúró níwájú èrò láti sọ̀rọ̀ nípa ìwé rẹ̀. Ní ilé ìtàwé, ó lè dúró fún wákàtí mẹ́jọ nídìí tábìlì kan, kí ó máa bá gbogbo ẹni tí ń kọjá sọ̀rọ̀. Bí ọjà bá tà dáadáa, ó lè ta 40 ìwé ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Owó ilé ń tán lọ. Paolini ti sọ pé, bí ó bá tún pẹ́ ní oṣù bíi méjì sí i kí ìwé náà tó mú èrè wá, àwọn òbí òun ì bá ta ilé wọn, kí wọ́n kó lọ sí ìlú ńlá láti wá iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí.

Ọmọdé kan ni ó ṣí ọ̀nà. Carl Hiaasen, òǹkọ̀wé ará Florida, kó ìdílé rẹ̀ wá sí Montana fún ìsinmi. Ọmọ ìyàwó rẹ̀ ra Eragon, ó kà á, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Hiaasen sọ fún ilé ìtẹ̀wé Knopf, tí í ṣe ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Knopf tún ìwé náà tẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ìwé mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e: Eldest ní ọdún 2005, Brisingr ní ọdún 2008, àti Inheritance ní ọdún 2011. Iye àwọn ìwé náà tí ó ti tà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 35 lọ. A ti túmọ̀ wọn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè, Faransé sì wà nínú wọn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Àwọn kan sọ pé ohun tí ó yá lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé tí ó ṣáájú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Paolini náà kò fi pa mọ́ pé ìwé tí òun kà ni ó bí ìwé tí òun kọ.

Àwọn ìwé tí ó ń yìn

Èkíní ni Jeremy Thatcher, Dragon Hatcher, tí Bruce Coville kọ ní ọdún 1991. Ọmọdé kan wọ ṣọ́ọ̀bù àjèjì, ó sì ti ibẹ̀ mú ẹyin dírágónì wálé. Nígbà tí Paolini ka èyí, ó bi ara rẹ̀ pé: ilẹ̀ wo ni irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ti lè wá, ta ni yóò sì rí i? Ìbéèrè yìí ni ó di Eragon.

Èkejì ni The Lord of the Rings, iṣẹ́ J. R. R. Tolkien, tí ó jáde láàrin ọdún 1954 àti 1955. Olùkọ́ ní yunifásítì Oxford ni Tolkien. Ó dá èdè sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni A Wizard of Earthsea, tí obìnrin Amẹ́ríkà kan, Ursula K. Le Guin, kọ ní ọdún 1968. Nínú ìtàn yìí, ẹni tí ó bá mọ orúkọ tòótọ́ tí ohun kan ń jẹ́ ní agbára lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọfọ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò ní í ṣàì lóye ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹrin ni Beowulf, ewì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lé ní 1,000 ọdún. Akọni kan ni ó bá ẹbọra àti dírágónì jà nínú rẹ̀.

Àwọn ìwé Tolkien àti Le Guin wà ní èdè Faransé pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá lè wá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938. Òun náà kún fún ọdẹ, iwin àti ẹ̀rù.

Àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ lè máa rò pé òun ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìròyìn yìí dé ibí ti kọjá ibi tí ọmọ Montana nì ti kọ́kọ́ dúró. Ohun tí ó kù ni kí ó wá ìwé kan tí ó wu òun, kí ó mú un lọ sílé, kí ó sì kà á ní ojú ìwé kan lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.