Yíyan Ríìmù fún Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Bí a bá fẹ́ to ẹsẹ̀ tuntun fún kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé ní Adja-Ouèrè, nọ́ńbà ara táyà ló máa ń kọ́kọ́ tan èèyàn jẹ. Táyà méjì lè jọ máa jẹ́ «28», síbẹ̀ kí ríìmù ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 622 níbi tí táyà ń jókòó sí, kí ti èkejì jẹ́ 635. A kò lè fagbára dí àlàfo mìlímítà 13 yẹn. Kẹ̀kẹ́ eré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 700C ló ń lo 622. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin sábà máa ń lo 635. Bíréèkì ọ̀pá a máa tẹ inú ríìmù, ti kẹ̀kẹ́ eré a máa fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ríìmù wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí a ka ihò wáyà pẹ̀lú: họ́ọ̀bù Faransé sábà ní 36 níwájú àti lẹ́yìn, ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ 32 níwájú, 40 lẹ́yìn.

Àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ fẹ́ràn ríìmù irin dídán. Èmi kò gbà fún wọn níbí. Bí òjò bá pa irin dídán, bíréèkì kì í mú un dáadáa. Alumíníọ̀mù sàn jù. Òótọ́ ni pé irin tó wọ́ nínú kòtò ṣeé fi òòlù nà, nítorí náà ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru ẹrù oko lè yàn án.

Wáyà ni kí a rà gbẹ̀yìn, torí bí ríìmù bá ṣe ga sí ni gígùn wáyà ń yí padà.